Bí ẹ̀rọ bá já bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ṣé ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Oṣù kẹrin rèé tí mo ra fóònù tuntun, wáráńtì ọdún kan sì wà lórí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ojú rẹ̀ sì fọ́. Mo gbé e lọ sí ibi àtúnṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n ní wáráńtì kò kan fóònù tó bá já bọ́, wọ́n sì bu iye kan fún mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Kí wá ni ìwúlò wáráńtì? N kò mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè tó báyìí lórí wa, ṣé kò lè pààrọ̀ fóònù kan ṣoṣo fún ẹni tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí?

---

Ìdáhùn mi

Àbúrò mi, ó dùn mí pé ojú fóònù rẹ fọ́, nítorí mo mọ bí owó fóònù ṣe rí lásìkò yìí, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu méjì dá ọ lóhùn. N kò gbà pé ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ máa pààrọ̀ ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ní Computer Village, Ìkẹjà, èmi ni mo sì máa ń dúró níwájú káńtà gba ẹjọ́ àwọn tí fóònù wọn bàjẹ́. Ìbéèrè tìrẹ yìí ni mo gbọ́ jù lọ níbẹ̀.

Wáráńtì jẹ́ ìlérí tí ẹni tó ṣe ọjà ṣe nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí bátìrì bá wú, bí ojú fóònù bá ṣàdédé dúdú, bí ihò tí a ń ki ṣájà bọ̀ bá kọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe é ní nǹkan, a jẹ́ pé àléébù náà ti wà lára ẹ̀rọ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, ẹni tó ṣe é ni yóò sì ru ẹrù rẹ̀. Ní ọdún 2016, nígbà tí bátìrì Samsung Galaxy Note 7 bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná, ilé-iṣẹ́ náà kó fóònù ọ̀hún kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tó ti rà á tàbí kí wọ́n fún wọn ní òmíràn. Kò sí ìdí láti bi oníbàárà léèrè pé báwo ló ṣe dì í mú, nítorí pé inú ilé-iṣẹ́ ni àléébù ti wá. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ lẹ́bàá kẹ̀kẹ́ Márúwá yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe láti dí i lọ́wọ́.

---

Sí ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ lówó

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sọ ni pé èrè àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ ju kí ojú fóònù kan dùn wọ́n lọ. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá fọ́ nǹkan rẹ̀ ni kó lọ tún un ṣe, kí ó má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ pé kádàrá ni, n kò sì ní dá sí ìyẹn.

Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ lówó. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò yọ owó fóònù ọ̀fẹ́ láti inú àpò ara rẹ̀. Orí iye tí wọ́n ń ta fóònù ni wọn yóò kó o lé, gbogbo wa ni yóò sì san án. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílẹ̀. Amazon ń ta tábúlẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn ọmọdé, wọ́n ń pè é ní Fire Kids. Bí ọmọ bá fọ́ ọ láàárín ọdún méjì, wọn á gbà á padà, wọn á sì fún un ní òmíràn láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí òǹkàwé wa ń béèrè gan-an nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá wo iye rẹ̀, ẹ óò rí i pé ó wọ́n ju irú tábúlẹ́ẹ̀tì kan náà tí kì í ṣe ti ọmọdé lọ. Àpò rọ́bà tó nípọn àti àwọn ètò tí wọ́n ṣe fún ọmọdé wà nínú owó yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó fífọ́ náà wà níbẹ̀, òbí ló sì ti san án ṣáájú kí ohunkóhun tó fọ́. Bákan náà ni ètò AppleCare+ tí Apple ń tà. Láti ọdún 2022, iye ìgbà tí ẹni tó ra ètò náà lè mú fóònù tó fọ́ wá kò lópin mọ́, síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, yóò san dọ́là 29 nígbàkígbà tí ojú fóònù bá fọ́, láfikún sí owó tó ti san fún ètò náà fúnra rẹ̀.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí yóò wá dùn jù lọ tí wọ́n bá sọ ọ́ di dandan fún gbogbo fóònù? Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà ni mo ń wò, ẹni tó ra fóònù kékeré, tó rán àpò aṣọ sí i, tó sì ń so ó mọ́ inú ìró kí ó má bàa bọ́. Ìyá yẹn lè lo fóònù kan fún ọdún mẹ́rin láìfọ́. Òun náà ni yóò máa fi owó kún owó fóònù rẹ̀ kí àwọn tí kò bìkítà lè máa gba tuntun. N kò rí ìdájọ́ òdodo nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ òdodo ọ̀rọ̀ nípa ara wa. Nígbà tí mo wà nídìí káńtà, bí irú fóònù tuntun kan bá ti jáde, bẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó ní irú èyí tó ṣáájú rẹ̀ máa ń yọjú pẹ̀lú ẹ̀sùn tí kò lórí tí kò nídìí, tí wọn á máa béèrè bóyá a lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá sọ pé fífọ́ nìkan ti tó láti gba òmíràn, fóònù tó máa fọ́ lọ́dún yóò pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

---

Sí òǹkàwé wa ní Abẹ́òkúta tó ní ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ni mo wà

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù, a ò sì tíì dé ibẹ̀. Ta ló ń pinnu pé ìjàǹbá ló ba ẹ̀rọ kan jẹ́?

Obìnrin aránṣọ kan láti Agége ra fóònù lọ́wọ́ wa. Kò tíì pé oṣù méjì tí fóònù náà fi kọ̀ tí kò gba iná mọ́. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí ibi àtúnṣe, nítorí ọwọ́ wa ló ti rà á. Ẹnjiníà tó gbà á yọ ilé síìmù rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sínú ihò náà, ó sì ní kí a wò ó. Bébà kan wà nínú lọ́hùn-ún tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Funfun ló máa ń jẹ́ nígbà tí fóònù bá jáde láti ilé-iṣẹ́, bí omi bá sì kàn án, á di pupa. Ti obìnrin yìí ti pupa ní etí kan. Ẹnjiníà náà ní omi ti wọ fóònù, wáráńtì ti bàjẹ́. Obìnrin náà búra pé omi kò kàn án rí. Ìjà wọn le, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó parí, nítorí pé ohun tí ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ bá ti sọ níbẹ̀ ni abẹ gé.

Ohun tí mo ń rò láti ọjọ́ náà nìyí. Bébà yẹn lè jẹ́rìí pé omi kan ibi tó wà. Kò lè sọ ọjọ́ tí omi náà kàn án, kò sì lè sọ pé omi ọ̀hún ló ba ihò ṣájà jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí omi díẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ fóònù lónìí, kí àléébù tó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ sì yọ jáde lọ́la. Ìwọ̀nba pupa etí bébà ni wọ́n fi dá ẹjọ́ náà, ẹni tí yóò náwó bí wọ́n bá dá oníbàárà láre ló sì jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Ibí yìí ni ìrẹ́jẹ wà. Ọ̀rọ̀ “ìjàǹbá” ti di àpò tí wọ́n ń ju gbogbo àléébù sí.

Àwọn ibòmíràn ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 fún ẹni tó ra ọjà tó ní àléébù ní 30 ọjọ́ láti dá a padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àléébù bá yọ láàárín oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé ó ti wà lára ọjà náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á, àyàfi bí ẹni tó tà á bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọdún kan ni àkókò yẹn, ó kéré tán. Ẹ kíyè sí i pé àwọn òfin wọ̀nyí kò fún ẹni tó fọ́ fóònù ara rẹ̀ ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò ní ọrùn aránṣọ, wọ́n gbé e lé ọrùn ẹni tó ní ẹnjiníà àti irinṣẹ́. Tiwa nílẹ̀ yìí, FCCPA ti ọdún 2018, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tó sì ṣeé lò fún ohun tí wọ́n tà á fún, ó sì gbé àjọ FCCPC kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí ẹ̀tọ́ yẹn dé iwájú tábìlì àtúnṣe, kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní omi ló fà á kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó ya àwòrán ohun tó rí nínú ẹ̀rọ náà, kí ó sì ṣàlàyé bí omi ṣe ba apá tó kọ̀ náà jẹ́.

---

Ẹnìkan béèrè pé: àwọn tó ń polówó pé omi kò ran fóònù wọn ńkọ́?

Ẹni tó bá fi omi polówó ọjà gbọ́dọ̀ dáhùn fún omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà ní Ítálì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò lé Apple, nítorí pé wọ́n ń polówó pé iPhone lè wà nínú omi láìsọ fún àwọn ènìyàn dáadáa pé inú yàrá àyẹ̀wò, nínú omi mímọ́ tó dúró jẹ́ẹ́, ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀, tí wáráńtì wọn kò sì gba fóònù tí omi bá bà jẹ́. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Ọsirélíà ní kí Samsung san mílíọ̀nù 14 dọ́là owó ilẹ̀ náà, nítorí ìpolówó tó fi hàn pé a lè lo àwọn fóònù wọn nínú odò ìwẹ̀ àti nínú òkun, nígbà tó jẹ́ pé ihò ṣájà wọn lè dípẹtà bí wọ́n bá ki ṣájà bọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ bá kọ IP68, ìyẹn àmì pé fóònù lè fara da omi, sára páálí, tí òjò wá pa fóònù náà ní Ọjọ́ta, tí ó sì kú, n kò ka ìyẹn sí ìjàǹbá oníbàárà. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

---

Òǹkàwé wa ní Ìlọrin ní iná ló jó tẹlifíṣọ̀n òun

Màmá, ọ̀rọ̀ tiyín kúrò lórí fóònù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ tí a ń sọ mu. Ẹ ní iná dé lálẹ́, gílóòbù mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó bẹ́, tẹlifíṣọ̀n sì kú, ti àwọn aládùúgbò méjì náà sì kú lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Fólítì 230 ló yẹ kó máa wọ inú ilé wa. Bí wáyà tí wọ́n ń pè ní neutral bá já lórí òpó, ó lè fò kọjá 300, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n ilé tí wọ́n ṣe láti gba irú iná bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni kí ẹ dojú kọ.

Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò méjèèjì jọ kọ ẹ̀sùn pọ̀, nítorí ilé mẹ́ta tí ohun èlò wọn bàjẹ́ lálẹ́ kan náà ṣòroó jiyàn sí. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù. Bí wọn kò bá dáhùn, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ní àwọn ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn irú èyí. N kò ní sọ fún yín pé owó á tètè jáde, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe èyí ní ìjàǹbá tí kò ní olówó.

---

Ní kúkúrú: bí ọjà bá fọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní wọ́n fipá gba owó lọ́wọ́ òun nítorí agbọ́rọ̀ etí tó bọ́ lọ́wọ́ òun níbi tí òun ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin FCCPA dáhùn èyí gbangba. Oníbàárà kò ní gbèsè ohun tó bàjẹ́ nínú ọjà tí wọ́n pàtẹ, bí kò bá ṣe pé ìwà àìbìkítà tó burú jáì, ìwà ìkà tàbí ìwà ọ̀daràn ló fà á, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù tí ẹ lẹ bébà mọ́ ògiri pé ẹni tó bá fọ́ ọ ló rà á, ẹ yọ ọ́ kúrò, òfin kò tì yín lẹ́yìn. Bí ọjà ṣì jẹ́ tiyín, ẹ̀yin lẹ ni ìjàǹbá rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti sanwó tó gbé e lọ, tirẹ̀ ni. Ìlànà kan náà ni mo fi dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó kọ̀wé láti London nípa kọ̀ǹpútà tó rán sí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì fọ́ lọ́nà, kí ó bá àwọn tó bá a gbé ẹrù sọ̀rọ̀. Kí ó tún wo ìwé wáráńtì rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ wáráńtì kò kọjá orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà.

---

Ẹ jẹ́ ká padà sí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ wa

Àbúrò mi, o tún kọ̀wé pé àlàyé mi kò dín owó tí wọ́n bu fún ọ kù. Òótọ́ ni, mo sì gbà pé ìdajì owó fóònù fún ojú rẹ̀ nìkan ti pọ̀ jù. Ẹ̀sùn tìrẹ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ kọ́ ló yẹ ká máa bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni kí fóònù lágbára tó láti fara da ọwọ́ ọmọ ènìyàn, kí ojú rẹ̀ sì wà ní iye tí ènìyàn lè san. Láti ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí fóònù tí wọ́n bá gbé wá sí ọjà wọn lè já bọ́ nígbà 45 nínú àyẹ̀wò láìdẹ́kun iṣẹ́, kí wọ́n sì fi lẹ́tà A sí E hàn lára àkọlé rẹ̀ bó ṣe lágbára tó bí ó bá já bọ́. Àwọn tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ máa pèsè àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ṣe pàtàkì fún ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dẹ́kun títà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tà fún wọn lọ́hùn-ún wà lára àwọn tó ń tà fún wa níbí.

Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, má tíì gbé e fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì. Wáráńtì rẹ ṣì ku oṣù mẹ́jọ, bí ẹni tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ bá sì ti tú u, wọn óò fi ìyẹn kẹ́wọ́ bí bátìrì bá kọ̀ lọ́la. Ní kí ilé-iṣẹ́ kọ iye náà sílẹ̀ fún ọ, kí wọ́n ya owó ojú fóònù sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́, kí wọ́n sì sọ bóyá gíláàsì nìkan ló fọ́ tàbí gbogbo ojú ló bàjẹ́, nítorí pé bí àwòrán bá ṣì ń hàn ketekete tí ọwọ́ sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, o lè bi wọ́n bóyá wọ́n lè pààrọ̀ gíláàsì nìkan ní owó tó kéré gan-an. Bèèrè bóyá ojú tuntun náà ní wáráńtì tirẹ̀. Sọ fún wọn pé kí wọ́n dá ojú tó fọ́ padà fún ọ.

Nígbà tó o bá sì fẹ́ ra òmíràn, wọn yóò fi ètò adójútòfò lọ̀ ọ́ nídìí káńtà. Má ṣe kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, má sì ṣe gbà á lójú ẹsẹ̀. Ka ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní sanwó fún sí, kí o sì wá iye tí ìwọ fúnra rẹ yóò san kí wọ́n tó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, bi ẹni tó ń tà á fún ọ pé èló ni ojú fóònù yìí bí ó bá fọ́. Bí kò bá lè sọ iye kan pàtó, lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.